Ìgúnpá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ikùn

Àkúrẹ́, Ọjọ́bọ̀

Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Fíríìsì ni mo kọ́ àwọn ọmọ tó ń jó bíréèkì-dáǹsì ní Ìjàpò lónìí. Ẹnu ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀: ẹ tẹ́ ọwọ́ mọ́lẹ̀, ẹ forí kanlẹ̀, ẹ fi ìgúnpá ti ẹ̀gbẹ́ ikùn kó lè gbé gbogbo ara, ẹ wá gbé ẹsẹ̀ sókè, kí ẹ dúró gbagidi.

Wọ́n ní kí n ṣe é kí àwọn rí i. Mo ní ọrùn ń dùn mí.

Ìyá àgbà Tọ́lá, tí wọ́n wá mú ọmọ-ọmọ wọn lọ sílé, súnmọ́ mi.

"Ọmọ mi, oṣù mélòó ni?"

Mo ní kò sí nǹkan kan, Mà. Oyún tó bàjẹ́ lára mi lọ́dún tó kọjá, gbogbo ènìyàn ni mo ti yára sọ fún. Èyí, ọkọ mi pàápàá kò tíì gbọ́.

Màmá ò bá mi jiyàn. Wọ́n lọ gbé àga wá fún mi.