Rọ́bà Pẹlẹbẹ Tó Ń Fa Epo

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àdágbé. Wàídì yín dọ̀bálẹ̀ láti Kánádà. Mo kí Àǹtí Kúdí, ẹ̀gbọ́n mi, ní Wásinmi, mo sì kí gbogbo ará Kọ́bapẹ́ tó ń yà kí yín.

Otútù ibí kò ṣe é fẹnu sọ. Iṣẹ́ igi gígé náà la ṣì ń ṣe. Tí a bá ṣíwọ́, oníkálukú á wọ ọkọ̀ rẹ̀, èmi náà á wọ yàrá mi. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, bí a bá ti kí ara wa tán lórí fóònù, ọ̀rọ̀ a tán lẹ́nu èmi pẹ̀lú yín. Màmá ló máa ń bá àwa méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ wa tẹ́lẹ̀.

Àǹtí Kúdí ní ẹ fẹ́ ta ẹ̀rọ ìgégi yín fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọ́n ní ó máa ń dún díẹ̀, á sì kú, mẹkáníìkì ní ó ti kọjá àtúnṣe, ẹ̀yin náà sì ní kò burú, ó ti darúgbó bíi tiyín. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun kan náà ṣe èyí tí mò ń lò. Mo tú kabúrétọ̀ rẹ̀, ibi tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Bí písítìnì bá ti ń lọ tó ń bọ̀, atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì a máa fa rọ́bà yìí, a sì máa tì í. Bó bá fà á, epo á wá láti inú táńkì. Bó bá tì í, epo á kọjá síwájú. Etí kékeré méjì tí wọ́n gé sí i lára ń ṣe bí ilẹ̀kùn, kí epo má baà padà sẹ́yìn. Ìyẹn ni epo fi ń dé ibi tó ń lọ, kódà bí a dojú ẹ̀rọ náà dé. Tèmi ti gan bí ewé gbígbẹ, kò lè mì mọ́, ni ebi epo bá ń pa ẹ́ńjìnnì.

Mo fi tuntun sí i, mo fa okùn, ó bú sókè. Mo kígbe ayọ̀, mo yíjú kí n sọ fún ẹnìkan, àṣé àwọn yòókù ti lọ jẹun. Ẹ̀yin ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á. Mo ti fi irú rọ́bà náà rán ẹni tó ń bọ̀ l'Abẹ́òkúta. Bí kì í bá ṣe rọ́bà náà ló ń ṣe tiyín, a ó jọ wá ibòmíràn wò.

Bí mẹkáníìkì bá ti fi rọ́bà náà sí i, tí ẹ fẹ́ fa okùn rẹ̀, ẹ pè mí, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí ẹ bá sì ti pa á, ẹ má tíì pa fóònù. Bí a ò bá tiẹ̀ rí nǹkan kan sọ, kò burú.

Kí Ọlọ́hun forí ji Màmá, kó lọ́ra ẹ̀mí yín, kó jẹ́ ká fojú kan ara wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Wàídì