Ìyá Tó Wá Ojú fún Àwọn Ọmọ Atukọ̀: Ìgbésí Ayé Ìyá Ìjọ Matilda Olúrẹ̀mí Ọmọ́níyì (1952–2025)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ìjọ, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ wá bá wa dárò ní Ìgàndò lónìí, ìdílé Ọmọ́níyì kí yín kú ẹsẹ̀. Ẹni tí a wá sin yìí, ọmọ Àwórì pọ́ńbélé ni. Ní ọdún 1952, nígbà tí oko àti ọ̀nà ẹsẹ̀ ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Ìkòtún, ni Olóògbé Ebenezer Olúbọ̀dé, tó jẹ́ káfíńtà, àti aya rẹ̀, Adébùnmí, bí Màmá wa. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìkùukùu bo ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé àwọn tó wà lóde gbọ́ ẹkún ọmọ, wọn kò sì rí ilé tó ti ń wá. Màmá ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin.

Ní ọdún 1959, ibà gbé Màmá dè. Ìyá wọn pọ̀n wọ́n lọ sí ilé àdúrà àwọn aláṣọ funfun. Níbẹ̀ ni wọ́n ti wọ sùtánà kékeré fún wọn, tí wọ́n tẹ́ wọn sórí ẹní, tí wọ́n tan àbẹ́là yí wọn ká, tí gbogbo ìjọ sì ń kọrin lé wọn lórí. Màmá sọ fún wa pé inú ọkọ̀ ojú omi kan ni àwọn bá ara àwọn, tó ń lọ jẹ́jẹ́, tí iná wẹ́wẹ́ ń tàn létí omi lọ́tùn-ún lósì, tí ọkàn àwọn sì balẹ̀. Nígbà tí wọ́n lajú, ẹ̀kọ ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti kúrò nínú ìjọ aláṣọ funfun.

Wọ́n parí iléèwé mọ́dà ní Agége ní 1968, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ní 1975, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Julius Ọmọ́níyì, oníṣẹ́ iná mànàmáná ní Dópẹ̀mú, ẹni tó máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé aya òun kò lè ra ata kó má tẹjú mọ́ aláta bí ẹni tó fẹ́ yà á ní fọ́tò. Yẹ̀yẹ́ lásán kọ́ o. Màmá fẹ́ràn ojú ènìyàn. Àwọn méjèèjì gbé pọ̀ tìfẹ́tìfẹ́ títí Bàbá fi ṣáájú lọ ní 2009.

Ní ìjọ, ọwọ́ Màmá ni eré Kérésìmesì máa ń wà. Wọn kì í wá ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ há sórí. Ojú ni wọ́n ń wò, wọn a sì ní, “Ojú yìí ti wá bá mi lójú àlá.” Lọ́dún kan, ẹni tó jẹ́jẹ́ jù nínú ìjọ ni wọ́n mú ṣe Hẹ́rọ́dù, ọmọdé méjì sì kọ̀ láti kí bàbá náà títí ọdún tuntun fi wọlé.

Eré yẹn ni Wisdom, ọ̀dọ́mọkùnrin olùdarí fíìmù tó ń gbé Gowon Estate, wá wò ní 1997. Ó fẹ́ ṣe fíìmù kan tó pè ní Àwọn Ọmọ Atukọ̀, ìtàn tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọ́n ń wa ọkọ̀ bàbá wọn kiri àwọn erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó bẹ Màmá kí wọ́n bá òun yan òṣèré. Màmá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan lélẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ fíìmù tí ọmọdé lè wò. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n pè é, ó sì di apá kẹsàn-án mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ọmọ atukọ̀ kan bá ti ń hu irùngbọ̀n, Màmá á tún lọ jókòó sí ibùdókọ̀ Command láàárọ̀ kùtù, wọn a máa wo àwọn èrò tó ń kọjá bí ẹni tó ń wo odò, títí ojú tuntun kan yóò fi dé. Wisdom bẹ̀ wọ́n títí kí àwọn náà jáde nínú fíìmù, wọn kò gbà. Wọ́n ní ẹni tó ń pín ẹran kò gbọdọ̀ gbé itan fún ara rẹ̀.

Ní 2016, nígbà tí wọ́n ń ya apá kẹfà, ọmọọmọ wọn, Princess, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni Màmá mú ṣe àbíkẹ́yìn atukọ̀. Ìtàn náà fẹ́ kí ọmọ yìí lá àlá erékùṣù kan kí ọkọ̀ tó débẹ̀, wọ́n sì ní kí Màmá sọ bí àlá náà yóò ṣe rí. Kí ni Màmá ìbá tún sọ? Wọ́n wọ sùtánà fún Princess, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, wọ́n tan àbẹ́là yí i ká. Lójú Màmá, kò sí ibi tí ọmọ tún ti lè ní ààbò tó bẹ́ẹ̀ láyé yìí.

Lọ́jọ́ tí fíìmù náà jáde, Màmá mú Princess lọ sí sinimá pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kúnlẹ̀ kí Màmá, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ dí ọmọ náà lọ́nà.

“Màmá, ẹ má bínú, ẹ̀yin lè wọlé, ọmọ yìí ò lè wọlé. Wọ́n ní ẹni tí ò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún ò gbọdọ̀ wò ó.”

Princess na ìka sí àwòrán ńlá tó wà lára ògiri. “Èmi nìyẹn! Ẹ wò ó dáadáa, èmi gan-an nìyẹn!”

Ẹ̀ṣọ́ náà wo ògiri, ó wo ọmọ. “Òótọ́ ni, ìwọ ni jàre. O sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n o ò lè wọlé ṣá.”

Wisdom ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ló bà á láti sọ. Ó ní kí Màmá fọwọ́ wọ́nú, pé irú àmì ọdún méjìdínlógún bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí àwọn àgbà rọ́ wá. Princess sunkún wọ ọkọ̀, ó sunkún dé Ìgàndò, Màmá sì sọ fún wa pé ẹkún yẹn dun àwọn ju ọjọ́ tí Bàbá lọ, torí ọwọ́ àwọn ni ó ti wá.

Wọ́n tọ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò lọ. Ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Susanna, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ló gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé àlá Princess yẹn ló fa àmì náà. Màmá ṣàlàyé ẹní, wọ́n ṣàlàyé sùtánà, wọ́n ṣàlàyé àbẹ́là. Ìyáàfin náà gbọ́ ọ tán, ó wá fi pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Màmá, ẹ̀yin rí ọmọ tí wọ́n ń gbàdúrà fún. Ọmọdé tí kò dé ìjọ yín rí, ọmọ tí wọ́n fẹ́ pa ló máa rí. Òun náà á lá a lálàá, àbí?” Inú bí Màmá, ojú tì wọ́n, pé ohun tó gba ẹ̀mí wọn là lè jọ ohun tó ń gba ẹ̀mí ènìyàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, oorun gbé Màmá lọ nínú ilé àdúrà. Wọ́n tún rí ara wọn lórí ẹní, ní kékeré, pẹ̀lú iná wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n wá rí ọwọ́ méjì tó rọra bọ́ sábẹ́ èjìká wọn tó gbé wọn dìde, òórùn adí àgbọn sì wà lára ọwọ́ náà. Ìyá wọn ni. Ibẹ̀ ni Màmá ti jí, wọ́n sì pe Wisdom lórí fóònù pé, “Wisdom, mo ti mọ̀ ọ́n. Mi ò wá ìyá fún ọmọ yẹn. Ipò kan ṣoṣo tí mo gbàgbé nìyẹn láti ọdún yìí wá.”

Wọ́n pe àwọn òṣèré obìnrin jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé Princess, ọmọ náà sì le gbagidi lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó rẹ Màmá, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ sùtánà tiwọn, wọ́n wọ àárín àwọn àbẹ́là náà lọ. Wọ́n kàn tẹ̀ ba, wọ́n gbé ọmọ wọn, Princess sì fi orí lé wọn léjìká bí ẹni tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Wisdom yà á bẹ́ẹ̀ sínú fíìmù. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún un wò, wọ́n ní kí ọmọdé máa wò ó pẹ̀lú òbí. Princess wọ sinimá gba iwájú ẹ̀ṣọ́ kan náà. Nígbà tó rí ara rẹ̀, ojú tì í, ó fi ìborùn Màmá bo orí. Láti ìgbà náà, àwọn èrò kò gbà kí apá kankan jáde kí ìyá náà má yọjú.

Ní ti ìsìn, wọ́n fi Màmá jẹ Ìyá Ìjọ ní 2012. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò níṣẹ́ aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí aláìsàn kan nínú ìjọ dá sùn. Wọ́n fi ayé sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ, Báyọ̀dé, Hope àti Olúwadọ̀tun, pẹ̀lú aya àti ọkọ wọn. Àwọn ọmọọmọ, Princess, Gift, Ọmọ́níyì kékeré. Àbúrò kan, Ìyáàfin Bọ́lájókò. Àti gbogbo ọmọ atukọ̀ tí Màmá fi ojú wọn han ayé, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti ní ọmọ tiwọn.

Princess ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún, òun ni Wisdom sì ní kó wá òṣèré fún apá kẹwàá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn obìnrin wá sílé wa láti dán ipò ìyá inú fíìmù náà wò. Wọ́n tẹ́ ọmọ kékeré kan sórí ẹní, wọ́n sì gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló gbé e dáadáa. Princess dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Wisdom, tí irun orí rẹ̀ ti funfun báyìí, wá bi í pé, “Ta ni ká mú nínú wọn?”

“Kò sí, sà,” ni Princess wí. “Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn dá dìde fúnra rẹ̀.”

Ìyá wa, ẹ sinmi láàárín ìmọ́lẹ̀. A ti ń gbìyànjú láti dìde. Ẹ sùn un re o.