Èmi Ni Mo Pa Ẹ̀rọ Tó Ń Gba Ohùn Ìpàdé

Èmi ni mo pa á. Ọwọ́ mi báyìí ni mo fi pa á, ẹlòmíì ló sì fẹ́ jìyà rẹ̀. Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bo orúkọ mi, torí àwọn ará ọ́fíìsì wa wà lórí pèèjì yìí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ minutes ní káńsù kan nítòsí Àkúrẹ́. Tí wọ́n bá pe ará ìlú sí ìpàdé, ẹ̀gbẹ́ Alága ni mo máa ń jókòó sí. Tí a bá tún pàdé, mo máa dìde ka ti ìṣáájú, gbogbo hall á dákẹ́, àwọn bàbá á máa mi orí, ẹnì kan á ní kí a gbà á wọlé, ẹnì kejì á kín in lẹ́yìn. Ìyá Minutes ni wọ́n ń pè mí títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ata fún mi l'Ọ́jà Ọba. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má purọ́. N kò di ọ̀gá níbi iṣẹ́, ọkọ mi kì í gbọ́ tèmi nílé, àmọ́ níbẹ̀ yẹn, ohun tí mo bá kọ ló ṣẹlẹ̀.

Òfin wá dé pé gbogbo káńsù gbọ́dọ̀ máa gba ohùn ìpàdé sílẹ̀, kí wọ́n gbé e sórí internet kí ará ìlú lè gbọ́ ọ fúnra wọn. Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá láti Oǹdó fún iṣẹ́ náà. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, mummy ló ń pè mí, tó bá lọ sílé á gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ fún mi. Mo ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, mo sì ń bínú. Alága ní kí n má ka minutes mọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kó lọ gbọ́ ọ lórí fóònù. Àwọn bàbá tó ń mi orí fún mi, ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ni wọ́n ń rọ́ lọ báyìí, kó jẹ́ káwọn gbọ́ ohùn ara àwọn, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín... Ìlara ni, ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mìíràn fún un.

Oṣù tó kọjá, àwọn obìnrin tó gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ tí káńsù fẹ́ fi ṣe gáréèjì wá sípàdé. Inú ń run ọmọ náà, ó ní kí n bá òun wo ẹ̀rọ, òun ń bọ̀. Mo wo iná pupa kékeré yẹn bó ṣe ń tàn bíi pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́... mo na ọwọ́, mo pa á. Mo ní tí wọn ò bá gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n á padà sọ́dọ̀ Ìyá Minutes. Kó tó wọlé, mo ti tún un tàn. Ẹ tún wá gbọ́ ìwà wèrè mi o, èmi náà ò kọ nǹkan kan! Mo ti ń bínú, mo ní kí ẹ̀rọ tó gbọ́n jù mí lọ máa kọ ọ́, òdòdó ni mo ń yà sínú ìwé. Àárín ìgbà tí mo pa ẹ̀rọ yẹn gan-an ni Alága dìde, tó ṣèlérí lójú gbogbo wa pé katapílà ò ní wọ ilẹ̀ náà títí wọ́n á fi kórè tán.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, katapílà wọ ibẹ̀. Alága ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí, kí wọ́n gbé ohùn òun jáde. Wọ́n wá a, kò sí. Àwọn ìyá yẹn ní ọmọ Oǹdó ló bá Alága gé e kúrò, káńsù náà fún un ní query. Ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí ní Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lè jẹ́rìí sí ohun tí Alága sọ, àmọ́ ta ló máa gbà mí gbọ́ bí n ò bá sọ ibi tí ohùn náà wọlé sí? Ọdún kan ààbọ̀ ló kù kí n retire...

Lánàá ó gbé èsì query rẹ̀ wá fún mi kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, torí èmi mọ̀wé kọ. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀bi òun ni, pé bátìrì ló kú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá mummy tó bá òun wò ó lẹ́bi. Àmọ́ bátìrì tó kú kì í jí fúnra rẹ̀, iná pupa ẹ̀rọ náà sì ń tàn nígbà tó wọlé. Ó mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀, ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo tún àṣìṣe méjì ṣe nínú ìwé náà, mo ní ó dáa, mo dá a padà fún un. Ohun tó tún ń ta mí lára ni pé ó tún ṣe ènìyàn jù mí lọ. Àní mo ń jowú ìyẹn náà! Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n dìde ní Ọjọ́bọ̀ kí n sọ ọ́, àbí kí n jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé nítorí mi?