Kọ́kọ́rọ́ Kutti

Ọjọ́ Ajé, 3 Júùnù 2019. Kochi

Òjò ò tíì dé, ooru ń pa wá. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé pé Thoni tuntun, ètò kọ̀ǹpútà tá à ń ṣe fún àwọn ilé ìkàwé àti iléèwé, ò lè jáde bó ṣe wà yìí. Èròjà mọ́kànlélógójì ló gbé ètò náà ró, oníkálukú ló kọ tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ni n ò fojú rí rí. Méjì ló ń jà báyìí. Èyí tó ń tẹ̀wé ní dandan, ẹ̀yà kẹta èròjà tó ń ka lẹ́tà lòun fẹ́. Kutti, tó ń to ọ̀rọ̀ Malayalam, èdè wa, tẹ̀ léra, ní ẹ̀yà kejì nìkan lòun mọ̀. Thoni ò sì lè gbé méjèèjì.

Ìlà kan péré la máa tún ṣe nínú Kutti. Àmọ́ Tíṣà Achuthan tó kọ ọ́ nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń buwọ́ lù ú, àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé ò sì ní gbà á láìsí ìbuwọ́lù yẹn. Oṣù mẹ́rin rèé, Tíṣà ò fèsì.

Gé-e-Dànù (Prajeesh tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni, kò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mo ń pe òun bẹ́ẹ̀) ní ká yọ Kutti, ká fi ti òkè òkun rọ́pò rẹ̀. Mo ní ìyẹn ò mọ̀ ọ́n tò. "Ẹ̀gbọ́n Jisna, bàbá yẹn ti dàgbà, ẹ̀yin náà mọ̀." Mo mọ̀. Ṣé torí ìyẹn la ó ṣe pín ogún ẹni tó ṣì wà láàyè?

Ọjọ́ kọkànlélógún ni ìjáde.

Ọjọ́rú, 5 Júùnù

Kò sí èsì.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Júùnù

Mo pe ilé Tíṣà. Lathika ọmọ rẹ̀ ló gbé fóònù. Ó ti rẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Ó ní bàbá òun ti ń gbàgbé nǹkan — lọ́sẹ̀ tó kọjá ó múra, ó ń lọ síléèwé lọ kọ́ àwọn ọmọ. Ọdún kọkànlá rèé tó ti fẹ̀yìn tì. "Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, Jisna, tí kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Tíṣà ló kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta, àwa ọgọ́ta. Mo ní màá wá lọ́jọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Júùnù. Ottapalam

Òjò dé. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin wá sílùú Tíṣà, mo rin gbindin.

Tíṣà mọ̀ mí. Ó pe orúkọ mi, ó pe orúkọ ilé wa mọ́ ọn; ẹni tó bá gbàgbé orúkọ ilé ẹ lọ́dọ̀ wa, ó ti gbàgbé ẹ nìyẹn. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá èsì ìdánwò mi ti jáde. Mo ní ó ti jáde, mo yege. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Lathika gbé ẹ̀gẹ́ sísè àti ẹja aláta wá, mo jẹ àjẹyó.

Mo béèrè ọ̀rọ̀ tó ń ṣí kọ́kọ́rọ́ Kutti. Ó ní kò le, orúkọ ilé ìyá òun ni: Thekkepurayil. Ó kọ ọ́ sórí ìwé, lẹ́tà rẹ̀ gún régé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ ti kú, àmọ́ Lathika ti kó gbogbo inú rẹ̀ sí tuntun. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Orúkọ ilé ìyá mi kọ́ ni mo máa ṣì," Tíṣà wí.

Lathika dìde lọ sí ilé ìdáná. Mo bá a níbẹ̀, ó ń sunkún. Ó ti ń fara da gbogbo ìyókù, ó ní, àmọ́ ilé ìyá ẹ̀? Nígbà tí mo padà, Tíṣà bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ṣé mo ti gbàgbé ni?" Ọkàn mi bàjẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Júùnù

Gé-e-Dànù ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n." Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa yọ Kutti.

Ọjọ́bọ̀, 13 Júùnù

Iléèwé kan ní Wayanad kọ̀wé: wọ́n wá orúkọ ọmọ kan nínú Thoni, wọn ò rí i, ó sì wà níbẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ náà ni — "l" ti Malayalam tí kò ní fáwẹ̀lì lẹ́yìn. Látijọ́, nǹkan mẹ́ta la máa ń so pọ̀ kí kọ̀ǹpútà tó kọ ọ́. Láti 2008, ó ti di lẹ́tà kan ṣoṣo. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò tan.

Mo rántí orúkọ ilé ìyá Tíṣà.

Thekkepurayi-l. Ọdún 2005 ni Tíṣà ṣe kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Èmi tí mo ń fi lẹ́tà yìí jẹun, n ò rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Júùnù. Ottapalam

N ò sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ̀rù ń bà mí. Mo tẹ "l" náà bíi tàtijọ́. Ó ṣí.

"Bàbá yín ò gbàgbé nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n," mo sọ fún Lathika. "Àwa la ò bá a tẹ̀ ẹ́ bó ṣe tẹ̀ ẹ́." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Tíṣà ní etí wa ti di, ṣebí òun ti wí. Ó ka ìlà tí mo tún ṣe, ó bá àṣìṣe kan níbẹ̀ (ó bá a lóòótọ́), ó buwọ́ lù ú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi orúkọ mi sí àwọn tó ni Kutti. Ó wá pa tirẹ̀ rẹ́.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fi tiyín sílẹ̀."

"Jisna, wo iye nǹkan tó fara ti Kutti. Kò yẹ kí Kutti fara ti orí bíi tèmi. Mo mọ̀ ọ́n lónìí. Mi ò mọ̀ bóyá màá mọ̀ ọ́n lọ́la."

Mo sunkún níwájú rẹ̀ bí ọmọdé.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Júùnù

Thoni jáde. Prajeesh fúnra rẹ̀ ló kọ ọpẹ́ sí Tíṣà, ó gùn ju ìkéde lọ. Mo máa ní láti wá ìnagijẹ mìíràn fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Júùnù

Lathika pè. Ó ní láràárọ̀, tí bàbá òun bá ti mu tíì dé ìdajì, ó máa béèrè ẹni tó ń tọ́jú Kutti. Òun á ní Jisna ni. "Jisna? Ọmọ yẹn dáa," bàbá á wí, á sì mu ìyókù. Lọ́jọ́ kejì, á tún béèrè.

Mo bi í bóyá kò tíì sú u. Ó ní rárá o, torí ojoojúmọ́ ni inú bàbá òun ń dùn sí i bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.