Ohun tí Bísí Sọ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pápá Àgùntàn

Garki, Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́

Àárọ̀ yìí ni mo dé láti Ìlú Ọba, mo sì ti parọ́ fún ìyàwó mi.

Ó ní, "Bàbá Bísí, báwo ni ìlú tí ọmọ wa ń gbé ṣe rí?" Mo ní ìlú kékeré ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń nájà. Wọ́n ń ta wàrà, ṣùgbọ́n tiwọn le bí ọṣẹ. Ẹ̀rín pa á.

N kò sọ ti ọjọ́ tí Bísí mú mi rìn jáde sí oko tó yí ìlú náà ká. Gbogbo ilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àgùntàn sì pọ̀ níbẹ̀. A jókòó, ló bá ní, "Bàbá, ẹ má retí mi nílé mọ́. Ìwé ìgbélùú mi ti tán. Tí mo bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé, bàbá ọmọ mi ò sì ní jẹ́ kí n mú ọmọ dání."

Mo ní, "Ìyá rẹ ńkọ́?" Ó bú sẹ́kún. Èmi wá ń sọ pé òtútù ń mú mi. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?

Èmi náà ni mo ní kó lọ sí Ìlú Ọba...

Ojú ọ̀tún ìyàwó mi ti fọ́, dókítà sì ní òsì náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án ó ní, "Kérésì yìí ni Bísí ń bọ̀, àbí? Kí n ṣáà rí i kí èyí tó kù yìí tó lọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ti wà lẹ́yìnkùlé báyìí, ó ń fọ kọ́tìnnì yàrá Bísí, ó gbé e sún mọ́ ojú kó lè rí ibi tó dọ̀tí.