Ṣúgà Olórí-ṣonṣo Méjì Tí Mo Gbé Lọ sí Fẹ́ẹ̀sì

Idder, àbígbẹ̀yìn mi,

Èmi ìyá rẹ, Itto, ni mo ń kọ ìwé yìí, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń kọ ọ́, nítorí náà bí àwọn lẹ́tà kan bá dùbúlẹ̀, má bínú, ọdún méjì péré ni mo fi lọ sí kíláàsì àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun, àbí búrẹ́dì àti ẹja inú agolo náà ni? Ṣé ẹnì kankan ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ ní yunifásítì yẹn? Oṣù márùn-ún rèé tí o ti dé Kasabulánkà, ìgbàkígbà tí mo bá bi ọ́ pé ta lọ̀rẹ́ rẹ, ìwọ a ní òjò ń rọ̀. Kí Ọlọ́run fi ẹni rere sí ẹ̀gbẹ́ rẹ. Màlúù wa ti bí, akọ ni. Yìnyín ti yọ́ lórí òrùlé àǹtí rẹ Tuda, ibi tó ń jò lésìí náà ló tún ń jò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ilé tí o ní kí n lọ sùn sí ní Fẹ́ẹ̀sì. O pè mí lórí fóònù Tuda, o ní o jẹ èrè nínú ìdíje kan níléèwé, pé èrè náà ni oorun ọjọ́ méjì ní òtẹ́ẹ̀lì ayé àtijọ́ kan, o sì fi ta mí lọ́rẹ. O ní wọ́n ti ń retí mi, pé gbogbo ètò ti parí, kí n má gbé nǹkan kan dání. Ṣé èmi ni mi ò mọ òtẹ́ẹ̀lì? Èyí tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ Azrou ni òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń retí ìyá ọmọkùnrin, tí ètò ti parí, orúkọ mìíràn là ń pè é. Mo sọ fún Tuda pé ọmọ yìí ti rí ìyàwó, ojú ló ń tì í. Tuda ní ó fi jọ bàbá rẹ̀ ni, pé nígbà tí bàbá rẹ ń bọ̀ wá wò mí, ó ní ìbaaka lòun wá rà.

Ìyá wo ló máa lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òfo? Mo ra ṣúgà olórí-ṣonṣo méjì nínú bébà búlúù wọn, irú èyí tí a fi ń tọrọ ìyàwó, mo mú àkùkọ wa pupa dání, mo wọ bọ́ọ̀sì.

Ọkùnrin kan dúró ní ẹnubodè ìlú àtijọ́ Fẹ́ẹ̀sì, ó gbé orúkọ mi lọ́wọ́ lórí pátákó. Bí wọ́n ṣe ń pàdé àna nìyẹn. Ó kó ẹrù mi sórí ọmọlanke, ó ń pariwo “balak, balak” kí àwọn ìbaaka yà fún mi, ọ̀nà sì ń tínrín sí i títí a fi dé ẹnu ilẹ̀kùn kan tó kéré bí ti ilé adìẹ. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀, Idder! Omi ń sọ láàrin àgbàlá, igi ọsàn yí i ká, wọ́n gbẹ́ ọnà sára igi kédárì títí dé àjà. Mo ní, ọmọ mi ò mọ bí a ṣe ń yan kékeré.

Ghita lorúkọ ọmọbìnrin tí mo bá nídìí tábìlì níwájú ilé, mo sì mọ̀ pé òun ni ìyàwó. Ó gba káàdì ìdánimọ̀ mi, ó kọ orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi àti ìlú mi. Inú mi dùn, ẹbí tó mọyì ọmọ gbọ́dọ̀ wádìí. Nígbà tí kò béèrè ti àrùn, èmi fúnra mi sọ fún un pé kò sí wèrè nílé wa, kò sí adẹ́tẹ̀, olè kan ṣoṣo ló wà, ó sì ti ronú pìwà dà. Ó ń jẹ ètè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, Màmá, Idder yín pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní ṣé àtẹ̀gùn wa pọ̀, ó ní orúnkún ń dùn yín, ó ní kí n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì kún ti yín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Ìwọ tí o kì í pe Tuda lẹ́ẹ̀kan péré lóṣù.

Ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà dé. Tọkọtaya Faransé kan wọlé pẹ̀lú àpótí ńlá mẹ́rin, mo sì rí i pé àwa nìkan kọ́ là ń tọrọ ọmọ yìí. Ìyàwó náà fi fọ́tò ọmọkùnrin rẹ̀ han Ghita lórí fóònù, eyín ọmọ náà pé pérépéré. Àpótí mẹ́rin, èmi ṣúgà méjì. Mi ò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo fọ gbogbo táwẹ́ẹ̀lì tó wà nínú yàrá, mo sá wọn sórí igi ọsàn kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé wa kì í ṣe ilé ọ̀lẹ. Ọmọ tó ń tọ́jú yàrá dé, ó tú bẹ́ẹ̀dì náà, ó tún un tẹ́. Mo tú tirẹ̀, mo tún un tẹ́. Ìgbà kẹta ló tó gbà fún mi.

Lọ́jọ́ kejì Ghita mú mi jáde. Ó ń rìn bí orúnkún mi ṣe fẹ́. A lọ gbàdúrà ní ojú oórì Moulay Idriss, ẹni mímọ́ ìlú náà, mo dárúkọ ẹ̀yin méjèèjì pa pọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń pa awọ láró, ó já ewé míńtì fún mi kí n fi dí imú. Oníbàtà kan wá pe iye tí kò yẹ fún mi. Ghita ní, Ọ̀gbẹ́ni, ìyá mi lẹ ń tajà fún yìí o. Ọkùnrin náà ní, ìyá rẹ wo, arábìnrin orí òkè tó fín ọnà sí àgbọ̀n yìí, ìwọ ọmọ Fẹ́ẹ̀sì? Ghita ní, ẹ ṣáà din owó yín kù, ẹ fi àgbọ̀n wa sílẹ̀. Àgbọ̀n wa! Omi bọ́ lójú mi láàárín ọjà.

Nítorí náà, láàárọ̀ tí mo fẹ́ máa lọ, mi ò jẹ́ kí àwọn alápòótí ṣáájú mi. Ìyá àgbà kan wà tó ń pàṣẹ nílé ìdáná, Lalla Batoul, òun ló gba àkùkọ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo dé, mo mọ̀ pé òun ni ìyá Ghita. Mo gbé ṣúgà méjèèjì síwájú wọn níbi tí gbogbo ilé ti ń jẹun àárọ̀, mo ní, Idder ọmọ Itto rí òdòdó nínú ọgbà yín, ó ń tọrọ rẹ̀. Àwọn Faransé gbé ṣíbí sílẹ̀. Ojú ti Ghita. Ó ní, Màmá, òtẹ́ẹ̀lì nìyí, iṣẹ́ ni mò ń ṣe níbí, mi ò tíì rí Idder yín rí. Mo ní, ó dára bẹ́ẹ̀, èmi náà sọ fún ìyá mi pé mi ò rí bàbá rẹ rí, nígbà tó jẹ́ pé a jọ pọn omi láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Lalla Batoul rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di òpó mú. Wọ́n ní, Lalla Itto, ẹ gbé ṣúgà yín, ẹ máa gbé e lọ sílé, èmi kọ́ ni mo bí Ghita, alásè ni mí.

Ìwọ náà mọ ohun tí ṣúgà tí wọ́n dá padà ń wí: a ò fún yín lọ́mọ. Mo nawọ́ láti kó wọn.

Ghita ló di ọ̀kan mú. Ó ní, eléyìí, mo gbà á lọ́wọ́ yín nítorí pé ẹ pè mí lọ́mọ. Ìkejì, kí ẹni tó pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí orúnkún ìyá rẹ̀ gbé e wá fúnra rẹ̀, kí n rí irú ojú tó ní. Bàbá mi máa ń wà nílé ní ọjọ́ Jímọ̀, kúskùsì la máa ń sè. Obìnrin Faransé yẹn pàtẹ́wọ́. Ó mọ bí a ṣe ń pàdánù.

Wọ́n fún mi ní ìwé kan kí n tó lọ, ó béèrè bóyá màá padà wá, àti pé èèyàn mélòó. Mo kọ ogójì.

Fi igba dírámù ránṣẹ́, owó ìyẹ̀fun ni mo fi ra ṣúgà, Tuda sì nílò páànù. Ra bàtà tó mọ́ fún ara rẹ. Kí Ọlọ́run tó fi omi sí àárín òkúta la ọ̀nà fún ọ, kí ó tú ahọ́n rẹ, kí ilé rẹ má ṣe dákẹ́ jẹ́ẹ́ láé.

Ṣúgà kejì ni awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá gbé fún ọ. Má fi po tíì o.

Ìyá rẹ,
Itto