Ìwé sí Bashiru Lórí Ìsọ̀ Pákó Awa

Ìsọ̀ Pákó Hezekiah,
Òkè-Àgbò,
Ìjẹ̀bú-Igbó.
10 Oṣù Keje, 2025.

Bashiru, ọ̀rẹ́ mi àtikékeré,

Ṣé ara le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dun Màmá, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Tiwa dáa níbí, ọpẹ́ ni.

Jọ̀ọ́, iṣẹ́ tí mo rán ẹ sí Ìbíkẹ́ àbúrò ẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pé mo fẹ́ẹ́ ti ìsọ̀ Awa tó ń bá mi mójú tó pa, mo ti fagi lé e o. Gbọ́ bó ṣe jẹ́.

O mọ̀ pé ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, síbẹ̀ ta ló ní ìsọ̀ pákó mẹ́ta láti ibí dé Ìwòpin? Èmi náà ni! Mo kó ìwé tá a ń kọ iye pákó tó jáde sí lọ bá Olúwadárasími, ìyàwó Jedidiah, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Bashiru, obìnrin yẹn mọṣẹ́! Ó kọ oṣù mẹ́fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọ orúkọ ìsọ̀ sókè, ó to iye pákó sínú àwọn àpótí kéékèèké, ó fi máòsì fa gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó tẹ ibì kan. Àfi bí òpó aláwọ̀ mèremère ṣe yọ, òpó kan fún oṣù kan! Èmi ni mo ní kó to àwọn ìsọ̀ léra bíi pákó. Awa wà nísàlẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó láàárín, Ìwòpin lókè téńté, oníkálukú pẹ̀lú àwọ̀ tiẹ̀.

Èmi onípákó, àtilẹ̀ ni mo ti ń wọn nǹkan. Mo ní Ìwòpin ló ga jù, Awa ló kúrú jù. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ nìyẹn.

Lánàá mo padà lọ, kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé gbàǹgbà kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo ní, "Wo bí Ìwòpin ṣe ń na gbogbo wọn!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Dádì, orí èjìká àwọn méjì tó kù ló dúró sí! Ibi tí àwọ̀ tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n."

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní pákó ni?"

Ó tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì péré, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí ara wọn, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oníkálukú fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Háà! Nínú oṣù mẹ́fà, Awa ló ga jù nínú márùn-ún. Ìwòpin wá rí bíi kùkùté. Ó ní tá a bá fẹ́ mọ iye tí gbogbo wọn jẹ́ pa pọ̀, ká tò wọ́n léra. Tá a bá fẹ́ mọ ẹni tó ń na ẹnì kejì, ká tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Oṣooṣù ló máa ya méjèèjì fún mi báyìí. Má sọ fún onípákó kankan o.

Tó o bá ti jíṣẹ́ fún Ìbíkẹ́, yáa sáré lọ dá a dúró. Mo gbọ́ pé onípákó kan l'Ágọ̀-Ìwòyè ti ń pè é. Ìwọ náà mọ̀ mí, mi ò kì í bẹ èèyàn. Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ l'Awa lọ́jọ́ Sátidé, níwájú àwọn tó ń ru pákó ni màá ti sọ pé èmi ni mo ṣì í wò. Tó bá ní òun ò ṣe mọ́, má bá a jà. Jẹ́ kó ṣáà kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Bá mi kí Nimotalahi ìyàwó ẹ dáadáa.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ tòótọ́,
Hezekiah.